OJÚ MÉJÌ TÍ AGBÁRA WỌN KÒ DỌ́GBA

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀tà

 

Nígbà tí àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín máa retí ọ̀rọ̀ èdè tàbí ọ̀rọ̀ ìtàn, nítorí pé èyí ni iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ ojú ni a mú wá lónìí. Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Ẹgbẹ́ wa ń sọ ní gbogbo ìgbà pé kí a kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìwé, kí a kọ́ ọ ní èdè baba rẹ̀, kí a sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò fi jẹun. Ojú ni ọmọ náà yóò fi ka ìwé. Ojú ni yóò fi wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Bí ojú bá ní àléébù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ìnáwó àti làálàá wa lórí ọmọ bẹ́ẹ̀ dàbí omi tí a ń dà sínú agbọ̀n.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfọ́jú ni a fẹ́ sọ. Afọ́jú kò pamọ́. Gbogbo ènìyàn ní ń ṣàánú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ jẹ́ àìlera kan tí kì í pariwo, tí kì í dunni, tí kì í sì í mú ojú pọ́n: èyí nì ni pé kí ojú ọ̀tún àti ojú òsì ènìyàn má dọ́gba ní agbára. Àwọn oníṣègùn fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ ní anisometropia, ìtumọ̀ orúkọ náà kò sì ju ìwọ̀n tí kò dọ́gba lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ojú ti ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ láti ara ohun tí a ń wò a máa gba ọmọlójú wọlé. Iwájú ẹyinjú, tí ó mọ́ gaara bí dígí, àti lẹ́ńsì tí ó wà lẹ́yìn ọmọlójú, àwọn méjèèjì ní ń tẹ ìmọ́lẹ̀ náà kí ó lè kó ara jọ sí ojú kan lórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ́ ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Bí ó bá kó ara jọ lórí awọ náà gan-an, àwòrán a mọ́ kedere. Bí ẹyinjú bá gùn jù, ìmọ́lẹ̀ a ti kó ara jọ kí ó tó dé orí awọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ a rí ohun tí ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun òkèèrè a ṣú sí i lójú. Bí ẹyinjú bá kúrú jù, ìmọ́lẹ̀ a dé orí awọ kí ó tó ráyè kó ara jọ; ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti fi agbára tẹ lẹ́ńsì ojú rẹ̀ kí ó tó lè ríran dáradára, pàápàá jù lọ bí ohun náà bá wà nítòsí. Àwọn mìíràn sì wà tí iwájú ẹyinjú wọn kò rí rogodo déédéé, tí ó tẹ̀ ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ. Lójú tiwọn, lẹ́tà inú ìwé a máa fà, a sì máa ní òjìji.

Ojú méjèèjì dàbí ìbejì. Ọjọ́ kan náà ni a bí wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé; síbẹ̀ Táíwò lè ga ju Kẹ́hìndé lọ. Ojú ọ̀tún lè jẹ́ èyí tí ó gún régé, kí ti òsì sì kúrú jù. Tàbí kí àwọn méjèèjì kúrú, kí ọ̀kan sì kúrú ju èkejì lọ. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn oníṣègùn fi ń wọn agbára awò, dáyọ́ptà ni wọ́n ń pè é. Bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojú méjèèjì bá tó dáyọ́ptà 1 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n a ka ẹni náà mọ́ àwọn tí ojú wọn kò dọ́gba. Ìyàtọ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀ wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jókòó síhìn-ín, kò sì pa wá lára.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀ràn náà ti le. Ọpọlọ ní ń pàṣẹ fún lẹ́ńsì ojú pé kí ó tẹ̀ tàbí kí ó nà, àṣẹ kan ṣoṣo ni ó sì ń pa fún ojú méjèèjì. Bí ẹyinjú méjèèjì bá kúrú tí ọ̀kan sì kúrú ju èkejì lọ, ọpọlọ yóò pa àṣẹ tí ó tó fún èyí tí ó sàn. Ní kété tí ojú yẹn bá ti ríran kedere, ọpọlọ a dákẹ́, nítorí ó ti rí ohun tí ó ń wá. Ojú kejì kò rí àṣẹ tirẹ̀ gbà. Kò rí òkèèrè kedere, kò rí ìtòsí kedere; láti òwúrọ̀ di alẹ́, láti ọdún dé ọdún, inú kùrukùru ni ó wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan gùn jù a máa sàn díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí ojú tí ó gùn a ṣì rí ohun tí ó sún mọ́ ọn, àyàfi bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀ jọjọ.

Ọpọlọ ọmọdé kì í sì í fẹ́ àwòrán méjì tí kò bá ara wọn mu. Ó dàbí onídàájọ́ tí ẹlẹ́rìí méjì dúró níwájú rẹ̀, tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ketekete, tí èkejì sì ń kùn lábẹ́ ètè. Bí ó pẹ́ bí ó yá, onídàájọ́ náà yóò dẹ́kun láti máa fi etí sí ẹni tí ń kùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ ń ṣe: ó kọ ẹ̀rí ojú tí ó ṣú, kò sì kọ́ bí a ti í lò ó. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà, bí a tilẹ̀ fi awò tí ó dára jù lọ ní ayé sí ojú náà, kò ní ríran tán, nítorí àléébù náà kò sí nínú ẹyinjú nìkan mọ́. Ó ti wọ inú ọpọlọ lọ. Àwọn Òyìnbó a máa pe irú ojú bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀lẹ. Lójú tiwa, orúkọ náà kò tọ́. Ojú náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ó bá fún un ní orúkọ ní èdè wa, kí a pè é ní ojú tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí orúkọ náà lè rán wa létí pé iṣẹ́ náà ni a gbọ́dọ̀ dá padà fún un.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1743, Buffon, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé nì, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ojú wọn yà, ó sì sọ pé àìdọ́gba agbára ojú méjèèjì wà lára ohun tí ń fà á; ó ní kí a bo ojú tí ó lágbára kí èyí tí ó rẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 1862, Snellen ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Holland ṣe pátákó lẹ́tà tí a fi ń dán ojú wò títí di òní, tí lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i bí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 1864, Donders, ará ìlú kan náà, tẹ ìwé ńlá jáde nípa àléébù títẹ ìmọ́lẹ̀ nínú ojú, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ojú méjì tí kò dọ́gba nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Hubel àti Wiesel ní Amẹ́ríkà fi ọmọ ológbò ṣe ìwádìí: wọ́n pa ojú kan dé fún ọmọ ológbò ní oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, wọ́n sì rí i pé nígbà tí a ṣí i, ọpọlọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ojú náà lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pa ojú ológbò tí ó ti dàgbà dé fún ìwọ̀n àkókò kan náà, kò sí ewu bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí a fi fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kékeré náà ni ọpọlọ ti ń kọ́ ìríran.

Bí a bá ka ọmọ 100, àwọn tí ojú wọn kan ti lọ sùn báyìí a máa tó ẹyọ kan sí mẹ́ta. Ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ọmọ 600: ó lè jẹ́ ọmọ mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ méjìdínlógún. Kí ni ó wá dé tí àwa olùkọ́ kì í fi í mọ̀ wọ́n? Ìdí rẹ̀ ni pé ojú tí ó dára a máa bo ojú tí kò dára láṣìírí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ yà sí imú, ìyá rẹ̀ yóò rí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń sọ yìí, ojú rẹ̀ gún, ó ń sáré, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń ka ohun tí a kọ sí ara pátákó. Òun tìkára rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ṣe òun, nítorí kò tíì fi ojú ẹlòmíràn wòran rí.

A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó ti ọwọ́ wa jáde. Ó ti ka ìwé mẹ́fà, ó sì ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì wá iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè yìí. Wọ́n ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n bo ojú òsì rẹ̀, ó ka pátákó lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n bo ti ọ̀tún, ó dákẹ́ lọ títí, ó sì wá bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti mú pátákó náà kúrò ni?" Pátákó náà wà níbi tí ó wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú kan ni òun fi ń ṣe ayé. Dókítà ojú sọ fún un lẹ́yìn náà pé awò tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ìbá wo ojú náà sàn bí a bá mú un wá nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D. Kì í ṣe pé a ń dá baba rẹ̀ lẹ́bi. Láti ilé ọmọ ọwọ́ títí dé girama, kò sí ẹni kan nínú ilé, nínú ilé-ẹ̀kọ́, tàbí nínú ìjọ, tí ó bo ojú rẹ̀ kan wò rí.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé ojú kan kò tó ènìyàn ni?" Àwọn agbẹ́gilére tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ọ̀tà níhìn-ín kì í gbẹ́ ojú kan kí wọ́n sì ní ó tó. Ojú méjì tí ó jọ ń ṣiṣẹ́ ní ń jẹ́ kí a mọ bí nǹkan ti jìnnà sí wa tó. Kí ẹni tí kò bá gbàgbọ́ pa ojú kan dé nígbà tí ó bá délé, kí ó sì gbìyànjú láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Lóòótọ́, ẹni tí ó ti ń lo ojú kan láti kékeré a máa kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kì í tó ní gbogbo ìgbà.

Ẹ tún wo irú ìlú tí Ọ̀tà dà lónìí. Ìlú Àwórì àtayébáyé yìí, tí James White ti ń wàásù tí ó sì ń kọ́ ọmọ ní ìwé ní àárín ọ̀rúndún 19, ti di ìlú ẹ̀rọ. Láti Ṣàngó dé Ọ̀tà dé Agbára, ilé iṣẹ́ irin, ilé iṣẹ́ ike àti ilé iṣẹ́ oúnjẹ kún bí ọjà. Àwọn ọmọ wa ń jó irin, wọ́n ń lọ irin, wọ́n ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń gun ọ̀kadà ní ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ẹ̀ta irin kékeré kan, tí kò tó hóró ìrẹsì, tó láti ba ojú jẹ́ títí ayé. Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì pé, bí ewu bá mú ọ̀kan, èkejì a ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ kan ti ń sùn láti kékeré, bí ewu bá mú èyí tí ó jí, òkùnkùn ni ó bọ́ sí. Àwọn àgbà ní olójú kan kì í tàkìtì òró. Ẹni tí ó mọ̀ pé olójú kan ni òun lè sọ́ra. Kí ni ti olójú kan tí kò mọ̀?

Ìròyìn ayọ̀ ni pé àìlera yìí ní àtúnṣe, àtúnṣe náà kò sì le. Awò ni àkọ́kọ́, tí a wọn fún ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí ọmọ yóò máa lò láti ìgbà tí ó bá jí títí yóò fi sùn. Ní ọdún 2006, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde nípa ọmọ 84 tí kò tíì pé ọdún 7, tí ojú wọn kan ti rẹ̀ nítorí àìdọ́gba yìí. Awò nìkan ni a fún wọn. Nínú ọmọ 100, bí 77 ni ojú wọn sàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ka ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i lórí pátákó lẹ́tà, bí 27 ni ojú wọn kejì sì sàn pátápátá.

Fún àwọn tí ó bá kù, a ó fi nǹkan bo ojú tí ó lágbára fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ojú tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn oníṣègùn kan náà fi hàn ní ọdún 2003 pé, fún ojú tí kò tíì rẹ̀ jù, wákàtí 2 lóòjọ́ ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ tí wákàtí 6 ṣe. Ẹ̀kán oògùn kan tún wà tí dókítà lè fi sí ojú tí ó lágbára kí ó lè ṣú fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe dá èyí ṣe nínú ilé láìsí dókítà, nítorí bí a bá bo ojú tí ó dára jù, òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ọjọ́ orí ni ó ṣe pàtàkì jù: ó sàn kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 7. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2005 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 12 tí a tọ́jú, bí ìdajì ni ojú wọn sàn sí i. Nítorí náà kí òbí kan má ṣe sọ pé ó ti pẹ́ jù kí ó tó lọ béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáradára. Lábẹ́ afárá Ṣàngó àti ní ẹ̀gbẹ́ ọjà gbogbo ni a ti ń rí awò tí a tò sí orí pátákó, tí ènìyàn yóò gbé wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Awò wọ̀nyí wúlò fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tí ó sì fẹ́ ka ìwé. Ṣùgbọ́n agbára dígí ọ̀tún àti ti òsì inú wọn, ọ̀kan náà ni. Báwo ni bàtà méjì tí ìwọ̀n wọn jẹ́ ọ̀kan yóò ti bá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ mu? Ní ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ kéde ètò Jígí Bọ́lá láti pín awò fún mílíọ̀nù 5 ènìyàn, a sì yin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ojú rẹ̀ kò dọ́gba kò lè fi awò tí ó ti ṣe tán ṣe nǹkan kan. A gbọ́dọ̀ wọn tirẹ̀ fún un.

A mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa a máa sọ. Wọ́n a ní awò a máa ba ojú ọmọdé jẹ́: kò rí bẹ́ẹ̀, àìlò ó ní ń ba ojú bẹ́ẹ̀ jẹ́. Wọ́n a ní ọmọdé tí ń lo awò ń ṣe fújà, tàbí pé kò ní rí ọkọ fẹ́. Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀rọ̀ yín ní ń pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ọmọ ààfin bá fi awò sójú jáde, ọjọ́ náà ni ìtìjú yóò tán. Àwọn mìíràn a máa kán omi ewé tàbí ìtọ̀ sí ojú. Ewé kò lè sọ ẹyinjú tí ó kúrú di gígùn, ìtọ̀ sì lè mú àrùn tí yóò fọ́ ojú wọlé. Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ ìwàásù sì ní ọ̀rọ̀ tiwa láti sọ: a ń gbàdúrà fún ọmọ, a sì ń mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì.

Kí ni kí a ṣe? A kò ní sọ ohun tí agbára wa kò ká. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní pátákó lẹ́tà kan. Kí ọmọ dúró ní mítà 6 sí i, èyí tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà 20, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí a bo ojú kan. Kí ó má ṣe fi ìka bò ó, nítorí ọmọ yóò yọjú láàárín ìka. Páálí tàbí àtẹ́lẹwọ́ ni kí a lò, kí a má sì tẹ ẹyinjú. Kí ó kà á. Lẹ́yìn náà kí a bo ojú kejì, kí a sì ní kí ó kà á láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé orí ni ó fi mú un. Fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé, pátákó kan wà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà E nìkan ni ó wà lórí rẹ̀, tí ó kọ ojú sí òkè, sí ìsàlẹ̀, sí ọ̀tún àti sí òsì. Ọmọ yóò fi ọwọ́ júwe ibi tí ó kọ ojú sí. Bí ojú kan bá fi ìlà méjì lé èkejì, kí a kọ ìwé sí òbí rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ní ti ọmọ ọwọ́, kí ìyá rọra fi ọwọ́ bo ojú kan nígbà tí ọmọ ń ṣeré, lẹ́yìn náà kí ó bo èkejì. Bí ọmọ bá ń sunkún, tí ó ń ti ọwọ́ dànù nígbà tí a bo ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí kò bìkítà nígbà tí a bo èkejì, kí ó tètè lọ béèrè. Bí ọmọlójú kan bá sì ń tàn funfun, tàbí bí ojú bá yà, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la, nítorí àrùn tí ó burú ju èyí lọ lè wà níbẹ̀.

Láti Ọ̀tà, ìrìn díẹ̀ ni ó wà sí ilé ìwòsàn ńlá Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àba ní Abẹ́òkúta, tàbí sí ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀ka ojú wà ní méjèèjì. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, nínú èyí tí a yẹ ojú àgbàlagbà tí ó lé ní 13,000 wò, fi hàn pé àìní awò tí ó tọ́ ni olórí ohun tí ó fa ìríran bàìbàì láàárín wọn. Àwọn àgbà wọ̀nyí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí fún. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ ra pátákó lẹ́tà fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbogbo ní ìlú yìí, kí àwa olùkọ́ sì ṣe ìlérí pé kò sí ọmọ tí a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé láìbo ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ìlànà ìlera ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2006 fi àyẹ̀wò ara ọmọ sí ara iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ohun àjèjì ni a ń béèrè. Èkejì, kí a dá àpò kan sílẹ̀ fún awò àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní, kí àwọn ọlọ́lá tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní ilẹ̀ wa sì dá sí i, nítorí ojú tí a gbà là lónìí ni yóò ṣọ́ ẹ̀rọ wọn lọ́la. Ẹ̀kẹta, kí a gba gbogbo ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ irin níyànjú láti mọ ìwọ̀n ojú wọn méjèèjì, kí ẹni tí ó bá rí i pé ọ̀kan rẹ̀ má ṣe súnmọ́ ẹ̀rọ láìlo awò ìdáàbòbò.

Ẹ̀yin àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn baba wa kò ní pátákó lẹ́tà, wọn kò sì mọ dáyọ́ptà. Kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè. Àwa ni a mọ̀, àwa ni a ó bi. Páálí pélébé kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti mọ̀ bóyá ọmọ kan ń fi ojú méjì wo ayé tàbí ojú kan. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé wa ní alẹ́ òní.